Igi Bádámù Kẹta Láti Ẹnu Kànga

Lolgund, lẹ́yìn Pampore,
Ọjọ́ kẹta tí òjò ti ń rọ̀.

Showkat ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó wà pẹ̀lú rẹ, àti pẹ̀lú àwọn tí ẹ jọ ń gbé yàrá kan náà, àti pẹ̀lú ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ bí ó bá jẹ́ ènìyàn dáadáa. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun? Kí Ọlọ́run Ọba má jẹ́ kí ooru Bengaluru bó ọ lára, kí ó má jẹ́ kí o ṣàárò wa débi tí iṣẹ́ á fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ kí o ṣàárò wa díẹ̀. Bí o bá bèèrè wa, gbogbo wa wà. Ẹnu ìyá àgbà ṣì mú bíi ti tẹ́lẹ̀, ìyá rẹ ń kí ọ, Rifat àbúrò rẹ ń kí ọ, màlúù wa ti bí, abo ni, òun náà ń kí ọ.

Rifat ní kí n má wulẹ̀ kọ lẹ́tà, ó ní kí n kàn sọ̀rọ̀ sínú fóònù kí òun fi ránṣẹ́ sí ọ. Mo gbìyànjú rẹ̀. Mo ṣì ń kí ọ lọ́wọ́, n ò tíì kúrò lórí àdúrà, ni fóònù bá kọ ọ́ sójú pé òun ti kún. Mo ní mo mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń kó ọ̀rọ̀ jọ sínú nǹkan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ lójoojúmọ́, ẹ ò sì da ọ̀kan nù rí. Ìwé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fúnni. Bí ojú kan bá kún, èèyàn á yí i sí òdìkejì.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí, rọra kà á, má sì fo ojú ìwé kankan láti wá ìparí rẹ̀. Ní Sọ́ńdè tó kọjá, èmi àti ìyá rẹ àti ìyá àgbà àti Rifat lọ sí ọgbà Badamwari lọ wo ọmọbìnrin kan fún ọ. A dé ibẹ̀, a sì wo ọmọ ẹlòmíràn láti àárọ̀ títí di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Má tíì bínú, jẹ́ kí n gbé e láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìgbà ìrúwé kẹta rèé tí o ò wálé, o sì ti pé ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Bí ìgbà ìrúwé bá ti dé, ìyá rẹ á gbé tìmùtìmù inú yàrá rẹ jáde, á sá a sóòrùn, á fi igi lù ú, á gbé e padà, á tẹ́ ẹ, á sì ti ilẹ̀kùn.  Mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń lù ú láti ìdí òfì mi, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe eruku nìkan ló ń lù. Gani Mir alárinà ti mú ilé mẹ́rin wá fún wa, o kọ mẹ́ta, ìkẹrin kọ ọ́. Èyí tó mú wá lọ́tẹ̀ yìí ni Ulfat, nọ́ọ̀sì ni, ọmọ Ọ̀gbẹ́ni Maqbool Bazaz tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Pulwama. Ìwọ náà sọ ọ́ lórí fóònù pé bí ìyá rẹ bá ti fẹ́ràn rẹ̀, wàá wálé wá wò ó. Ìyá rẹ di ọ̀rọ̀ yẹn mú bí ẹni di okùn mú. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ìjọba kan wà ní Baramulla tó ti ń tọrọ ọmọ náà, ilé alájà mẹ́ta ló kọ́. Ọ̀gbẹ́ni Maqbool wá ní òun á fún wa ní ọjọ́ kan péré, Sọ́ńdè yẹn, kí òdòdó bádámù tó rẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá rí nǹkan gidi láti ọ̀dọ̀ wa lọ́jọ́ náà, akọ̀wé ló máa dá lóhùn.

O mọ bí a ṣe ń ṣe é, àfi bí ìlú ńlá bá ti jẹ́ kí o gbàgbé. Ilé méjèèjì á jáde lọ gba atẹ́gùn bí gbogbo ayé ṣe ń jáde nígbà tí bádámù bá tanná. Wọ́n á bá ara wọn pàdé lábẹ́ igi bí ẹni pé ó ṣèèṣì ni. Ará ilé ọmọbìnrin ò gbọdọ̀ kọ́kọ́ wá báni, ará ilé ọmọkùnrin ò gbọdọ̀ bèèrè nǹkan kan, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ dárúkọ ìgbéyàwó. Alárinà nìkan ló máa ní áà, ẹ wo ẹni tí a rí. Lẹ́yìn ìyẹn a ó mu tíì, a ó wo ara wa, a ó lọ sílé. Bí ìyá ọkọ bá rí ohun tó fẹ́, á fún ọmọ náà ní nabad, òkúta súgà ńlá yẹn, ọ̀rọ̀ sì ti parí, kò sí pé a ò ṣe mọ́. Bàbá ọmọ yìí ò gbà kí fọ́tò ọmọ rẹ̀ wọ fóònù ẹnikẹ́ni, nítorí náà kò sí ẹni tó mọ ojú ilé méjèèjì àfi Gani.

Ní alẹ́ Sátidé, eyín Gani wú. Ó ránṣẹ́ sí wa pé òun ò lè lanu, ká máa lọ láìsí òun, pé abẹ́ igi kẹta láti ẹnu kànga àtijọ́ ni wọ́n máa wà, pé bàbá ọmọ náà máa ń wọ awò ojú, ọmọ náà sì ga. Mo ní kò burú. Igi kẹta ò lè ṣòro fún ẹni tó ti ń ka ojú òwú láti ọdún márùndínláàádọ́ta.

Ìyá rẹ ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́, ó din gbòǹgbò òṣíbàtà kún abọ́ ńlá méjì, ó ra búrẹ́dì oníyanmọtí lọ́wọ́ Nura oníbúrẹ́dì, ó sì se tíì oníyọ̀ sínú samovar, ìkòkò bàbà oníná yẹn tí ìyá àgbà fi wọlé ọkọ. Ó so nabad mọ́ etí ìborùn rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ kàn án ní gbogbo ìgbà. Mo gbé samovar sáàárín eékún mi nínú mọ́tò títí a fi dé Srinagar. Ó gbóná gan-an, ṣùgbọ́n mo ní nítorí ọmọ ni.

Ní ẹnu ọ̀nà ọgbà, Rifat yọ fóònù, ó ní inú rẹ̀ ni ìwé ìwọlé wa wà. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Showkat, tálímù ni. Tálímù, ìwé àmì tí a fi ń hun kápẹ́ẹ̀tì gan-an ni, dúdú àti funfun, wọ́n tò ó ní ojú kọ̀ọ̀kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á jáde bí mo ṣe ń kà á fún àwọn ọmọṣẹ́ mi, dúdú méje, funfun kan, dúdú méjì, funfun mẹ́ta, àwọn èèyàn tó tò sẹ́yìn wa sì dúró. Iṣẹ́ tó dára ni, ṣùgbọ́n mo sọ fún ẹ̀ṣọ́ pé ẹni tó yà á ti ṣe àpótí kan náà sí igun mẹ́ta, ó wá gbàgbé igun kẹrin. Ẹ̀ṣọ́ náà wo fóònù, ó wò mí, ó ní bàbá, ẹ máa wọlé. Ó dùn mí pé kò kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí bí wọn kò bá tún igun yẹn ṣe, kò sí ẹni tó máa ra kápẹ́ẹ̀tì náà.

Ohun tó kàn ni ẹnu ilẹ̀kùn kan tí wọ́n fi irin ṣe, tí kò ní ilé lẹ́yìn. Bí mo ṣe gba inú rẹ̀ kọjá ló pariwo. Mo padà, mo tún un gbà, ó tún pariwo. Ẹ̀ṣọ́ fọwọ́ kan ẹ̀wù pheran mi, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn kíá, nítorí kangri mi, ìkòkò iná tí mo fi ń lé òtútù, wà lábẹ́ aṣọ níbẹ̀, ẹyín iná rẹ̀ ṣì pọ́n, ṣíbí irin kékeré tí mo fi ń tú u sì so mọ́ ọn. Ó ní wọn kì í gbé iná wọ ọgbà. Mo ní ṣé samovar tí ìyàwó mi gbé kọjá ńkọ́, iná kọ́ ló wà nínú rẹ̀? Ó ní ti samovar yàtọ̀, gbogbo ayé ló ń gbé e wá, iná abẹ́ aṣọ ni wọn ò fẹ́. Ó ti tó ọgọ́ta ọdún tí mo ti ń gbé iná sábẹ́ aṣọ, n ò jó ìjọba rí, ṣùgbọ́n mo gbé e fún un. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i tó ti gbé e sábẹ́ àga ara rẹ̀ tó ń fẹsẹ̀ yáná.

Ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì níbẹ̀ tí àlejò ń kọ orúkọ sí, àti ìlú rẹ̀, àti ohun tó bá wá. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ ìwé ìjọba, mo ní n ò ní í parọ́ sí i. Mo kọ ọ́ pé: Sidiq Wagay, Lolgund. A wá wo ọmọ Ọ̀gbẹ́ni Maqbool Bazaz olùkọ́, fún ọmọ wa Showkat tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí Rifat tó rí i, ìlà mẹ́rin ni mo ti fi gègé dúdú kọ, kò sì ṣeé pa rẹ́.

Ọmọ mi, mo fẹ́ kí o rí Badamwari lọ́jọ́ yẹn. Òdòdó náà funfun, ó pọ́n díẹ̀ ní inú, ó bo gbogbo ẹ̀ka débi tí èèyàn ò rí igi, odi àtijọ́ orí òkè sì wà lókè rẹ̀ lọ́hùn-ún bíi ti gbogbo ọdún. Gbogbo ilé ló ti tẹ́ ẹní, gbogbo ilé ló ní samovar, àwọn ọmọdé ń sá kiri, àwọn ìyàwó ilé ń pe ara wọn láti abẹ́ igi dé abẹ́ igi. Mo dúró sí ẹnu kànga, mo ka igi láti ọwọ́ ọ̀tún wá sí òsì bí a ṣe ń ka ìwé èdè tiwa, mo dé ìkẹta, a tẹ́ ẹní wa. A ò tíì jókòó tán tí ọkùnrin kan tó wọ awò ojú fi dé, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin kan tó ga. Ó kí wa dáadáa, ó ní ṣé kò ní í ni wá lára bí àwọn bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wa, ibi gbogbo ti kún. Ìyá rẹ fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. Mo ní ẹ jókòó, ibi yín ni. Inú mi dùn sí bó ṣe ṣe é, bí ẹni tí kò mọ̀ wá rí láyé rẹ̀.

Ó rí i pé mo ń gbọ̀n nítorí ẹ̀ṣọ́ ti gba iná mi. Ó ṣí búláńkẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀, ó fi bò mí léjìká. Mo wo ìyá rẹ, ó wò mí, a jọ mọ̀ pé àna nìkan ló lè ṣe irú èyí. Mo ń retí kí ó sọ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ápù ló ń sọ, bí wọ́n ṣe ń rẹ́ ẹ̀ka rẹ̀, bí kòkòrò ṣe ń yọ ọ́ lẹ́nu, iye àpótí tí ilẹ̀ kan ń so. Mo ní ìwà ìrẹ̀lẹ̀ nìyẹn, olùkọ́ ńlá tí kì í fi ìwé ṣe fáàrí. Rifat sọ ọ́ sí mi létí pé Shamima ni wọ́n ń pe ọmọ náà. Mo ní ilé wo ni wọn kì í ti fún ọmọ ní orúkọ ìkẹ́.

Ní ti ọmọ náà, n ò ní í purọ́ fún ọ, ìyá rẹ fẹ́ràn rẹ̀. Ó bu tíì fún ìyá àgbà kó tó bu fún ara rẹ̀. Nígbà tí ìyá àgbà ní òun fẹ́ dé ilé olórí rìbìtì tí àwọn ará àtijọ́ kọ́ sí òkè ọgbà, pé òun ò mọ̀ bóyá òun á tún rí i lọ́dún tó ń bọ̀, mo pọ̀n ọ́n gun àtẹ̀gùn lọ, ọmọ náà sì gbé bàtà ìyá àgbà tẹ̀ lé wa. Ìyá àgbà ń pàṣẹ fún mi lórí ẹ̀yìn mi pé kí n má ṣubú, pé egungun òun kì í ṣe èyí tí mo lè ra òmíràn rọ́pò. A dúró lókè níbẹ̀, gbogbo òdòdó sì wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ wa. Ìyá àgbà ní ibẹ̀ ni bàbá mi ti kọ́kọ́ wo òun, òun sì díbọ́n bí ẹni pé òun ò rí i.

Mo tún ronú pé ó yẹ kí ọmọ náà rí ojú rẹ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi hàn án. Mo ní kí Rifat fi fọ́tò rẹ sójú fóònù, mo sì gbé e lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ òṣíbàtà, kí ó ṣèèṣì rí i. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọ́ sílẹ̀ díẹ̀, ojú rẹ á ṣú. Mo tẹ̀ ọ́, o jí. O tún sùn. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún mo ní kí wọ́n jẹ́ kí o sinmi, iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún ọ níbẹ̀.

Ìyá rẹ fi èyí tó dára jù nínú oúnjẹ náà sí àwo wọn, ó ní àwa ti jẹun wá láti ilé, a ò sì tíì fẹnu kan nǹkan kan. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́rin, ó tú etí ìborùn rẹ̀.  Ó gbé nabad náà lé ọmọ náà lọ́wọ́, ó fẹnu kò ó lórí, ó sì ń sunkún díẹ̀. Ọmọ náà dúpẹ́ gan-an, ó fọ́ súgà náà sí wẹ́wẹ́, ó sì fi fún gbogbo wa pẹ̀lú tíì. A ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ikùn wa nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé láti ibi tó ti lọ tún mọ́tò ṣe láti àárọ̀, ó jókòó ti ọmọ náà, ó sì ń jẹ òṣíbàtà nínú àwo rẹ̀.

Ìyá àgbà, tí kì í rọ ohùn, bèèrè pé ta ni ọkùnrin yìí tó ń jẹ nínú àwo ìyàwó wa. Ọkùnrin aláwò ojú ní ọkọ ọmọ òun ni, ọdún kejì ìgbéyàwó wọn rèé.  Ó wá bèèrè pé ta ni ìyàwó yín? N ò lè dárúkọ nǹkan tí a kì í dárúkọ. Rifat ló sọ ọ́, gbogbo rẹ̀, láti orí eyín Gani. Subhan Lone ni orúkọ ọkùnrin náà, àgbẹ̀ ápù ni láti Sopore. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi bọ́. Nígbà tó rí ojú ìyá rẹ, ó dákẹ́. Ó fà mí dìde, ó ní bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ wá wọn, ilẹ̀ ò tíì ṣú.

Wọn ò jìnnà. Wọ́n wà ní òdìkejì kànga, lábẹ́ igi kẹta bí èèyàn bá kà á láti ọwọ́ òsì, bí àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń kàwé. Ọkùnrin náà wọ awò ojú, ìyàwó rẹ̀ ti ń di abọ́, tíì wọn ti tutù nínú samovar. Ọmọbìnrin kan tó ga dúró tì wọ́n, ó ń wò wá. Láti ibẹ̀ wọ́n rí ẹní wa kedere. Wọ́n ti ka orúkọ mi nínú ìwé ẹnu ọ̀nà, Showkat. Wọ́n bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́, ó sì ní bàbá oníná ni, ẹ wò ó lọ́hùn-ún. Wọ́n ti mọ̀ wá láti aago mọ́kànlá, wọ́n jókòó, wọ́n ń retí kí a wá, nítorí pé ará ilé ọmọbìnrin kì í kọ́kọ́ wá báni, àwa sì ń bu tíì wa fún ará Sopore.

Mo kí i. N ò mọ ohun tí mo lè sọ tí kò ní í jẹ́ ohun tí a kì í sọ. Mo ní ó dà bí ẹni pé òjò máa rọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Maqbool ní bẹ́ẹ̀ ni, ó dà bẹ́ẹ̀, pé òun ní ìwé àwọn ọmọ láti máàkì nílé. Wọ́n gbé ẹrù wọn, wọ́n lọ. Ojú tì mí, ọmọ mi. Láti ìgbà tí mo ti ń hun nǹkan, n ò tíì ta kókó sí ojú tí kì í ṣe tirẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, kókó tí mo sì ta yìí, ti ọmọ mi ni.

Mo gba kangri mi lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́, iná rẹ̀ ti kú. Ìyá rẹ sunkún láti Srinagar dé Pampore, kò pariwo, ó kàn ń fi etí ìborùn tí nabad ti kúrò nídìí rẹ̀ nu ojú. Ìyá àgbà ní kí ó dákẹ́, pé ó kéré tán a ti mọ ẹni tó máa fún wa ní ápù. Ó fẹ́ pa á lẹ́rìn-ín, kò rí i pa. Òjò bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, títí ilẹ̀ fi mọ́, mo sì mọ̀ pé òdòdó ti tán ní Badamwari. N kò fẹ́ kọ lẹ́tà sí ọ nígbà yẹn. Kí ni mo fẹ́ kọ?

Ní àná, Gani dé, ó fi aṣọ di ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo rò pé ó wá sọ pé akọ̀wé ti gba ìyàwó lọ. Ó ní ní tòótọ́ ni Ọ̀gbẹ́ni Maqbool bínú, ó ní ẹni tí kò rí igi, báwo ló ṣe máa rí ilé àna? Ó ti gbé fóònù láti pe akọ̀wé. Ulfat ọmọ rẹ̀ ló ní kí ó gbé e sílẹ̀. Ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé àwọn ilé mẹ́ta ló ti wá wo òun, gbogbo wọn ló ń rẹ́rìn-ín músẹ́, gbogbo wọn ló ń bu oúnjẹ fún òun, nítorí wọ́n mọ̀ pé òun ń wò wọ́n. Ó ní ilé yìí nìkan ni òun tíì rí nígbà tí wọn ò mọ̀ pé òun ń wò. Wákàtí márùn-ún ni òun fi jókòó. Òun rí ọkùnrin tó pọn ìyá rẹ̀ gun òkè. Òun rí ìyàwó rẹ̀ tó kó oúnjẹ fún ẹni tí kò mọ̀ rí, tí ebi sì ń pa á fúnra rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni òun, òun mọ ojú ẹni tí ebi ń pa. Ó ní bí wọ́n bá ń ṣe báyìí sí ará Sopore tó ṣèèṣì jókòó tì wọ́n, òun fẹ́ mọ bí wọ́n á ṣe ṣe sí òun. Kí wọ́n jẹ́ kí òun wo ọmọkùnrin wọn.

Ìyá rẹ dìde nílẹ̀, ó lọ gbé tìmùtìmù yàrá rẹ jáde. Òjò ń rọ̀. Mo ní kí ó gbé e wọlé, ó ní òun mọ̀.

Nítorí náà, owó tí o máa ń fi sínú ẹ̀rọ báńkì fún wa lóṣù yìí, má fi síbẹ̀. Mo ti lọ sọ fún ẹ̀rọ náà fúnra mi, mo kí i, ó kọ ọ́ sójú pé ẹ káàbọ̀, mo sì ní kí ó má retí nǹkan kan. Fi wọ ọkọ̀ òfurufú wálé. Ṣùgbọ́n rí i pé o mú díẹ̀ dání lọ́wọ́ fún oníbàbà tó máa fi tánganran kun inú samovar, nítorí tíì gbẹ mọ́ ọn nígbà tí gbogbo wa gbàgbé rẹ̀ lábẹ́ igi, ìyá rẹ sì ní òun ò lè fi samovar tó ti jó gba àlejò ẹ̀ẹ̀kejì. Mú bàtà tó nípọn wá fún ìyá àgbà, kí o sì bèèrè ní Bengaluru bóyá ẹnikẹ́ni mọ ẹni tó yà tálímù igun mẹ́ta yẹn, mo ti fi igun kẹrin sí i.

Ìgbà tí òdòdó mìíràn bá tanná ní ọgbà Nishat, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ó jáde lọ gba atẹ́gùn. Gani ò ní í sọ igi tí wọ́n máa jókòó sí fún wa, ọmọ náà ló ní kó má sọ ọ́. Ó ní kí o kàn wá, kí o gbé samovar, kí o bu tíì. Kí Ọlọ́run tó mú ẹsẹ̀ rẹ lọ mú un padà bọ̀ ní àlàáfíà, kí ó fún ọ ní ojú rere lọ́dọ̀ gbogbo ẹni tó bá rí ọ, kí ó sì fún ìyá rẹ ní ìdí láti ṣí ilẹ̀kùn yàrá yẹn sílẹ̀. Bí o bá ti dé pápákọ̀ òfurufú, Showkat, máa kí gbogbo èèyàn dáadáa, máa bá àgbàlagbà gbé ẹrù, nítorí a ò mọ ibi tí Ulfat máa jókòó sí tí á ti máa wò ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sidiq.